Ilẹ̀kùn Màmá Mìlímítà

Orúkọ tí bàbá tó bí i sọ ọ́ ń bẹ nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì sùn sí. Màmá Mìlímítà ni tàgbà tèwe ń pè é. Àwọn aláwàdà ọ́fíìsì máa ń sọ pé rúlà ló fi ń wọn búrẹ́dì kó tó gé e. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ojú lásán ló fi ń wọ̀n ọ́n. Àmọ́ tí ẹ bá gbé ègé búrẹ́dì rẹ̀ méjì léra wọn, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ àbúrò.

Ilé kékeré ló ń kọ́ jẹun. Àwọn ayàwòrán ilé ló ni ọ́fíìsì náà, Màmá sì wà ní àjà kejì, nínú yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí fèrèsé mẹ́ta ti ń gba ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ wọlé. Bí wọ́n bá ya ilé sórí bébà tán, tí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ kò lóye bí yóò ṣe rí, Màmá ni yóò fi páálí, ike gaara àti igi fífúyẹ́ kọ́ kékeré rẹ̀ fún un. Mítà kan ilé gidi di sẹ̀ǹtímítà kan lórí tábìlì rẹ̀. Kànìnkànìn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé, ni igi àgbàlá. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ọ̀dà pa lára ni òpó iná. Ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ jù lọ níbẹ̀ kò ga ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Màmá ti fi jókòó ti tábìlì náà. Ó ti kọ́ ilé ìwòsàn mẹ́fà, ó ti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò lè kà tán, ó sì kọ́ ibùdókọ̀ kan tí kò sẹ́ni tó padà kọ́ ọ ní gidi. Ti ibùdókọ̀ yẹn ṣì ń dùn ún títí di òní, bí ìgbà tí wọ́n fìdí ọmọ ẹni rẹmi nínú ìdánwò tó yege.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ yàrá náà, ẹ ò ní kọ́kọ́ rí àwọn ilé tó dára. Ògiri lẹ máa kọ́kọ́ rí. Lára ògiri ọwọ́ òsì, látòkè délẹ̀, ilẹ̀kùn kéékèèké ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, igba ó lé mẹ́rìnlá, ìkọ̀ọ̀kan kò tóbi tó sítáǹpù lẹ́tà. Lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan ni bébà pélébé kan wà tí wọ́n kọ orúkọ èèyàn àti ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí. Ó fi ìgbésẹ̀ kan dín àtẹ̀gùn. Ó fi gọ́ọ̀mù fọ́ fèrèsé lójú. Ó gbàgbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó gbàgbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn ti di ọ̀gá ńlá níbòmíràn báyìí, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀.

Òfin Màmá ló kó wọn síbẹ̀. Ilé kékeré tó bá bàjẹ́ kò gbọdọ̀ dé inú agbọ̀n ìdọ̀tí. Wọn ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ sun ún, wọn ò sì gbọdọ̀ tì í sábẹ́ tábìlì kí wọ́n máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bà á jẹ́ ni yóò gbé e lọ sílé, lójú ọ̀sán gangan, òun nìkan, láìfi aṣọ bò ó. Yóò gbé e sórí tábìlì tó ti ń jẹun, yóò máa wò ó fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ kẹjọ, yóò gbé e padà, yóò kọ̀yìn sí i, yóò sì to àṣìṣe rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ láìbojúwẹ̀yìn. Tó bá sọ ọ́ tó yé gbogbo ilé, wọ́n á tú ilé kékeré náà palẹ̀. Fèrèsé á lọ sínú páálí fèrèsé, igi á lọ sínú páálí igi, ilẹ̀kùn iwájú á gun ògiri. Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi bú u mọ́ láyé, àyàfi Màmá fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn.

Ẹni tó bá gbọ́ òfin yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ lè sọ pé ìkà ni ìyá yìí. Kì í ṣe ìkà. Nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń fi bàtà fọ́ ohun tó bá ti bàjẹ́. Ilé tí Màmá kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ọ̀gá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé ẹsẹ̀, ilé di pẹlẹbẹ. Òrùlé rẹ̀ ló wọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Màmá tún fi ń ṣe òrùlé wíwọ́ yẹn kan náà. Ó ń ṣe é, ó ń wọ́, bàtà ń bọ̀ lé e lórí, nítorí kò rí àyè wo èyí tó wọ́ dáadáa rí kó tó di pàǹtí. Ọjọ́ tó di olórí yàrá tirẹ̀ ló fi òfin náà lélẹ̀. Ó ní ohun tí wọn ò bá jẹ́ kéèyàn wò, kò lè mọ̀ ọ́n láé.

Nínú igba ilẹ̀kùn ó lé mẹ́rìnlá yẹn, kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ ti Màmá. Gbogbo àlejò ló máa ń béèrè, gbogbo òṣìṣẹ́ tuntun ló máa ń fi ìka wá a láti ìlà dé ìlà nígbà tí wọ́n bá ń mu tíì. Màmá á máa gé páálí rẹ̀ lọ, kò ní gbójú sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún á rọra wọnú díẹ̀. Ìgbéraga rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Wọn ò fún un ní ilé, wọn ò fún un ní mọ́tò. Àyè òfìfo kan ṣoṣo tó kù láàárín gbùngbùn ògiri yẹn lohun ìní rẹ̀.

Èèyàn méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni Òpó, ọkùnrin gíga tó ti bí ọmọ méjì, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í pé mẹ́wàá kílẹ̀ tó ṣú. Òun ló ni ilẹ̀kùn jù lára ògiri, mọ́kàndínlógún. Ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ máa ń sọ pé ìgbà tí kò bá sí ilé kékeré lórí tábìlì, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu òun. Ìkejì ni Ẹnu-Ò-Dákẹ́, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí abẹ, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn mẹ́rin péré ló ní. Tó bá ń ṣiṣẹ́, á máa sọ ìtàn ọkọ rẹ̀, ti ìyá ọkọ rẹ̀, ti ajá ìyá ọkọ rẹ̀. Màmá máa ń ní ọjọ́ tí ìyẹn bá dákẹ́, kí wọ́n yáa pe dókítà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ. Ilé ẹ̀kọ́ kan fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé, ọ̀gá ọ́fíìsì ló fọwọ́ ara rẹ̀ yà á. Orí bébà gaara ló yà á sí, irú èyí téèyàn ń rí ìlà rẹ̀ láti ẹ̀yìn bó ṣe ń rí i láti iwájú. Ọ̀gá ń kánjú, kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i, ìlà nìkan ló wà níbẹ̀ àti àmì kékeré kan ní igun ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀. Àmì igun yẹn ló ń sọ iwájú bébà yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Màmá tẹ́ bébà sórí tábìlì, ó yíjú láti mú rúlà irin rẹ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, bébà fò, ó sì balẹ̀. Màmá fi rúlà tẹ̀ ẹ́, ó tẹ́jú mọ́ ìlà, ó mú ọ̀bẹ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi kọ́ ọ. Òun nìkan ló dá a ṣe, nítorí ó fẹ́ kó dára ju gbogbo èyí tó ti ṣe rí lọ. Àga ìkàwé ọgọ́ta, ìkọ̀ọ̀kan bí irúgbìn. Pẹpẹ ìwé tó ní ìlà ìwé aláwọ̀ mẹ́ta. Àtẹ̀gùn tó yí gbirigbiri lọ sókè, tí Màmá fi igi tín-ín-rín kan ṣe, tó rẹ sómi mọ́jú kó tó lè tẹ̀. Nígbà tó parí, àwọn akọ̀wé láti àjà kìíní gòkè wá wò ó, wọ́n káwọ́ pọ̀nyìn bí ọmọ tí wọ́n kìlọ̀ fún. Ẹnu-Ò-Dákẹ́ wò ó títí, kò sọ ohun kan. Ó ní ọ̀fun ló ń dun òun.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ wá wò ó, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ni Òpó dé síbi iṣẹ́ pẹ̀lú dígí kékeré kan lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn obìnrin ń fi wojú. Ó kí Màmá. Ó dọ̀bálẹ̀ tán, kò dìde. Màmá bi í bóyá nǹkan rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀.

Òpó dìde, ó gbé dígí náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé, ó rọra tẹ́ bébà ọ̀gá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi ìka kan ṣoṣo kan igun bébà.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ bá mi wo inú dígí yìí."

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ilé tó wà nínú dígí bá ìlà bébà mu wẹ́kú. Ẹnu ọ̀nà wà lápá ọ̀tún, àtẹ̀gùn wà lápá òsì, yàrá àwọn ọmọdé kọjú sí ọgbà. Ó wá gbé ojú kúrò nínú dígí, ó wo ilé tó wà lórí tábìlì. Ẹnu ọ̀nà wà lápá òsì. Àtẹ̀gùn wà lápá ọ̀tún. Yàrá àwọn ọmọdé kọjú sí ibi tí mọ́tò ń gbà wọlé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, àga ọgọ́ta, kò sí mìlímítà kan tó yẹ̀, odindi ilé sì kọjú sódì.

Ó jókòó. Ó béèrè lọ́wọ́ Òpó pé báwo ló ṣe mọ̀, nígbà tí gbogbo ọ́fíìsì wò ó tí wọn ò mọ̀. Òpó wo ilẹ̀, ó wo ògiri, ó ní, "Ilẹ̀kùn mi kẹtàlá ni, Màmá. Ọjọ́ méje ni mo fi kọjú sí irú rẹ̀ jẹun. Bí mo bá rí i lójú àlá, mo mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù tó sọ lọ́dún náà nìyẹn.

Ìròyìn kì í gun àtẹ̀gùn, ńṣe ló máa ń fò ó. Kí wọ́n tó mu tíì àárọ̀ tán, ọ̀gá ọ́fíìsì ti dé yàrá náà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, Màmá bí irú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń pè é ní Ọ̀gá, òun náà sì ń pè é ní Màmá. Ó ní òun ló jẹ̀bi, òun tí kò kọ ọ̀rọ̀ sí bébà. Ó ní àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ kò tíì rí i, kí wọ́n gbé ilé náà lọ sẹ́yìn, kí wọ́n sun ún, kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ òmíràn kíá, ẹni tí kò gbọ́ kò ní gbọ́. Ẹnu-Ò-Dákẹ́ ló bá rí ohùn rẹ̀ padà lójijì. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kò yé wọn ni? Ó ní Màmá ń dán àwọn wò ni. Ó ní ìyá tí kò ṣìṣe fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ṣé ó wá lè gbàgbé ọ̀tún àti òsì? Ó ní Màmá mọ̀ọ́mọ̀ yí i sódì kó lè mọ ẹni tí ojú rẹ̀ là nínú àwọn ni, Òpó sì ti gba ipò kìíní.

Ojú ọ̀gá mọ́lẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní àgbà ọgbọ́n rèé. Àwọn akọ̀wé tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn náà pàtẹ́wọ́.

Ẹ má ṣe bi mí bóyá ó dùn mọ́ Màmá. Ọ̀nà àbáyọ ti là sílẹ̀ níwájú rẹ̀ gbayawu, wọ́n tilẹ̀ ti gbá a mọ́. Kó ṣáà ti rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí," ó parí. Àyè òfìfo ara ògiri á wà bó ṣe wà. Ó gbójú sókè wo ògiri náà. Òpó dúró níwájú rẹ̀ gan-an, ìlà ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́kàndínlógún sì yọ lẹ́yìn èjìká rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún ni ọkùnrin yìí ti gbé ilé tó bàjẹ́ gba àárín ìgboro, tí àwọn ọmọ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé Màmá ní kó gbé e. Bí Màmá bá ṣẹ́, ẹ̀sín ni gbogbo ìrìn wọ̀nyẹn dà.

"Ọ̀gá, mi ò dán ẹnikẹ́ni wò," ni Màmá wí. "Mo ṣìṣe ni. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹ bá mi ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀."

Ó di ọ̀sán gangan. Màmá so báàgì rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó gbé ilé ìkàwé náà sáyà bí ẹni tó gbé abọ́ omi tó kún dé etí. Pákó tí ilé náà dúró lé fẹ̀ tó tábìlì tíì, kò jẹ́ kó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òpó fẹ́ bá a gbé báàgì, Màmá wò ó lójú kan, ọwọ́ rẹ̀ padà sápò. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nìyẹn, ìgbésẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọ́fíìsì sì dúró sí ojú fèrèsé bí ẹni ń wo òkú ọba, láìsí ẹni tó ń sunkún.

Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni sí ilé rẹ̀. Níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń fi ẹ̀rọ da ìwé kọ, ọmọbìnrin kan béèrè bóyá títà ni. Obìnrin kan ní ilé náà dára o, ṣé àwọn lè rí yàrá kan gbà níbẹ̀? Màmá ní òrùlé rẹ̀ ò ní jò, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ní ìkóríta ni aṣebàtà àgbàlagbà kan máa ń jókòó sí. Ọdún pọ̀ tó ti ń wo àwọn ọmọ iṣẹ́ Màmá bí wọ́n ṣe ń gbé ilé bíbàjẹ́ kọjá, ó sì mọ òfin náà bí ẹni tó bá wọn ṣe é. Ó rí Màmá, ó mi orí. Ó ní, "Ìyá, ta ló bà á jẹ́, tẹ́ ẹ wá ń bá a gbé e? Òfin ò ní kí ẹ bá wọn gbé e."

"Èmi ni," ni Màmá dá a lóhùn.

Aṣebàtà gbé bàtà tó ń rán kalẹ̀. Ó dìde, ó ṣí fìlà. Ọkùnrin yìí kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Kódà nígbà tí agbẹjọ́rò tó wá gba bàtà lọ́wọ́ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ lásán dúró níwájú rẹ̀, ìjókòó ló wà. Màmá kò lè fi ọwọ́ kí i, nítorí ilé kún ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ orí ba díẹ̀, ó kọjá. Ṣùgbọ́n láti ìkóríta yẹn lọ, kò wo ilẹ̀ mọ́, ó kàn gbé orí sókè, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń fi fèrè sìn.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù sílé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò ojú lọmọ náà ń bá ṣiṣẹ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde. Ó ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé awò Màmá ti tó pààrọ̀, òun á sì bá a bẹ ọ̀gá òun kí wọ́n dín in kù. Màmá ní kó gbé abọ́ kúrò lórí tábìlì. Bí ilé ìkàwé ṣe gba tábìlì nìyẹn, tí ìyá àti ọmọ sì ń fi abọ́ lé itan jẹun.

Ní àárọ̀, Màmá á lọ síbi iṣẹ́, òun, Òpó àti Ẹnu-Ò-Dákẹ́ á jọ máa kọ́ ilé ìkàwé tuntun. Ọwọ́ mẹ́fà ni, wọ́n sì parí rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ dé, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ó tán. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá á jókòó ti èyí tó kọjú sódì, á máa wò ó. Ó wá ibi tó ti ṣe é láìdára, kò rí. Òun gan-an sọ fún ọmọ rẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun tó dára jù láyé rèé. Ọmọ ní ó dára lóòótọ́, ó kàn jẹ́ pé ará ilé kejì ni Màmá kọ́ ọ fún.

Ní ọjọ́ kẹta, Màmá ti ibi iṣẹ́ dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ bàtà, ó nasẹ̀ sínú sálúbàtà rẹ̀ níbi tó máa ń wà. Ilẹ̀ lásán lẹsẹ̀ bá. Ó nawọ́ sí fìtílà orí àpótí, afẹ́fẹ́ lásán lọwọ́ bá. Ó yíjú sí àga rẹ̀ kó jókòó, ọpẹ́lọpẹ́ pé ó fọwọ́ kan nǹkan, orí tẹlifíṣọ̀n ni ì bá jókòó sí. Gbogbo pálọ̀ ti yí. Àga tó wà lọ́tùn-ún ti bọ́ sósì, aago ti lọ sí ògiri kejì, sálúbàtà ọ̀tún wà níbi ti òsì. Lórí òrùlé ilé ìkàwé, bébà kékeré kan dúró ṣánṣán: Ẹ Ò NÍ DÁ NÌKAN ṢÌNÀ NÍLÉ YÌÍ.

Àbíkẹ́yìn wà lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, ó fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Màmá kọ́kọ́ fẹ́ wá ohun tó máa sọ lù ú. Ẹ̀rín ló gbà á, ó rín in títí omijé fi dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín pálọ̀ tí kò mọ̀ mọ́. Ọmọ ní òun á dá a padà. Màmá ní kó fi í sílẹ̀ títí ọjọ́ méje á fi pé.

Ibi tí eré ti di ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ojoojúmọ́, Màmá mọ̀ pé àga ti bọ́ sósì. Ojoojúmọ́, ara rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún. Ojú rẹ̀ rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bi ojú. Ní ọjọ́ karùn-ún, níbi tó ti fi orúnkún gbá àpótí kan tó rí kedere, ó dúró, ó di orúnkún mú, ó sì wo ilé ìkàwé lórí tábìlì. Ó ní "Háà," jẹ́ẹ́jẹ́. Ọmọ rò pé orúnkún ló ń dùn ún.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Màmá gbé ilé náà padà, ó kọ̀yìn sí i láàárín yàrá iṣẹ́. Ọ̀gá wà níbẹ̀, àwọn akọ̀wé wà níbẹ̀, Òpó gbára lé ògiri. Gbogbo wọn rò pé ti afẹ́fẹ́ àti bébà ló máa sọ, nítorí ohun tí wọ́n ti gbọ́ nìyẹn. Màmá ní afẹ́fẹ́ kọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gba ojú fèrèsé yẹn láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

"Àmì igun," ló wí. "Ó tó ọdún méje tí mo ti wò ó mọ. Mo ní kí gbogbo yín máa wò ó, èmi ò wò ó. Mo ti rò pé ọwọ́ mi mọ̀nà. Ọwọ́ mi mọ̀nà lóòótọ́, ó kàn mọ ọ̀nà tó máa ń gbà ni."

Òpó fi ẹ̀mú kékeré yọ ilẹ̀kùn iwájú ilé ìkàwé náà, ó fi gọ́ọ̀mù kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó nà án sí Màmá. Màmá fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́. Kò lẹ̀ ẹ́ sí kọ̀rọ̀. Àárín gbùngbùn ògiri, níbi tí ojú gbogbo àlejò máa ń kọ́kọ́ bà, ló lẹ̀ ẹ́ sí. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ó gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ̀, kò wo àmì. Ó wá fi ìgbésẹ̀ méjì sún sẹ́yìn, ó wò ó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún sì rọra wọnú. Ó tọ́, kò fì sápá kan, mìlímítà kan ò yẹ̀. Ó jọ pé ó pẹ́ tí àyè yẹn ti ń dúró dè é.

Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé náà ni Ẹnu-Ò-Dákẹ́ bá kúnlẹ̀. Gbogbo wọn rò pé nǹkan rẹ̀ ló jábọ́. Ó ní òun ti rí i. Ó ní láti ọjọ́ tí Màmá ti parí rẹ̀ lòun ti rí i pé ó kọjú sódì, ẹ̀rù ló ba òun, òun wá pa á mọ́ra, ọ̀fun kankan ò dun òun. Ó ní ọ̀rọ̀ pé Màmá ń dán àwọn wò yẹn, ara òun lòun ń fi í bò. Omijé ti dé ojú rẹ̀. Ó béèrè, pẹ̀lú ohùn tó kéré jù tí ẹnikẹ́ni tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, pé ẹni tó bà á jẹ́ ti gbé e lọ sílé, kí ni ẹni tó rí i tí kò sọ máa gbé?

Òfin ò sọ ti ìyẹn. Ọ̀gá wo Màmá. Òpó wo Màmá. Màmá wo ilé ìkàwé tí ihò wà níwájú rẹ̀ báyìí bí eyín tó ká. Ó ronú bí ẹni ń fi ojú wọn búrẹ́dì.

"Dìde," ló wí. "Gbé e. Ọjọ́ méje."

Òpó ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí, wọ́n rò pé ikọ́ ni. Ẹnu-Ò-Dákẹ́ nu ojú, ó gbé ilé náà sáyà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Ó ní ọkọ òun á pa òun, ajá ìyá ọkọ òun á sì jẹ àga ìkàwé. Màmá ní kí ajá náà ka iye tó bá jẹ, ọgọ́ta ni wọ́n.

Wọ́n tò sójú fèrèsé. Oòrùn wà ní àtàrí. Wọ́n rí i tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìgboro, tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ilé tí kò nílẹ̀kùn láyà. Wọ́n rí aṣebàtà ní ìkóríta tó gbójú sókè, tó tún wò ó, tó fọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó sì pè é dúró láti bi í léèrè. Ẹnu-Ò-Dákẹ́ dúró. Láti àjà kejì, wọn ò gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ pẹ́. Ó sọ ọ́ títí aṣebàtà fi sún àpótí kan sí i kó jókòó.

Màmá padà sídìí tábìlì rẹ̀. Bébà tuntun kan wà níbẹ̀, gaara, ìlà ilé ìwòsàn keje. Ó tẹ́ ẹ. Kó tó mú rúlà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan àmì igun rẹ̀, ó sì pe Òpó kó wá bá òun wò ó.